Ìpè láti Yàrá Keje

"Ẹnìkan ti wà lórí àdírẹ́sì yìí." Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa. Mo pa sáfà kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ìpè àwọn aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, kí n lè tún un tàn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré. Àfi bó ṣe kọ̀ tí kò tàn mọ́.

Mo wá ẹni tó gba àyè rẹ̀ lórí àdírẹ́sì náà tì. Ohun tí mo rí kò ju ìpè àtijọ́ kan lọ, tí kò tíì já tán. Ìyẹn kì í ṣe tuntun; kò ní tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí á fi parẹ́ fúnra rẹ̀. Mo dúró ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣì wà níbẹ̀. Yàrá keje ló ti wá. Mo lọ sọ fún Mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì.

"Yàrá keje kẹ̀?" Mátíróònù rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò, a ti tì í pa láti oṣù tó kọjá, tí ìyá tó wà níbẹ̀ ti kú. Àbí eku ló ń pè wá ni? Jọ̀ọ́, ṣe é kíá, àwọn aláìsàn ò rí wa pè."

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Mo fi ìlà kan kún ètò tó ń darí sáfà náà, èyí tó ń jẹ́ kí ó gba àyè rẹ̀ padà, bí ìpè àtijọ́ bá tilẹ̀ ṣì ń fà nílẹ̀. Mo tún un tàn. Ó tàn wẹ́rẹ́.

N kò tíì mí kanlẹ̀ tí agogo àwọn nọ́ọ̀sì fi dún, nọ́mbà yàrá sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Yàrá keje.

Mátíróònù mú kọ́kọ́rọ́, a jọ sáré lọ. Yàrá náà ṣófo, òórùn ọ̀dà gbòde níbẹ̀, wáyà agogo sì ti já kúrò lára ògiri. Ibẹ̀ la dúró sí tí a fi gbọ́ ìkérora láti yàrá kẹjọ. Bàbá arúgbó kan ló ṣubú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ni mo wí. " Agogo yín ò ṣiṣẹ́ láti ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Mo mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ló ní kí n fara balẹ̀, pé òun á bá mi pè yín."

Mátíróònù wò mí, mo wò wọ́n.

Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Ó ní ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń pè yín, ẹ ò wá. Ṣé ẹ ti dá a lóhùn báyìí?"