Wọ́n Ní Àwọn Máa Mú Iná Daddy Lọ

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Moráyọ̀ wà lórí ìlà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street ní London, ó kó ìbọ̀sẹ̀ onírun dání, ó ń dúró kí ó kàn án láti sanwó. Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà Jẹ́mánì ló rí, ó sì gbé e kíákíá.

Bremen ni bàbá rẹ̀, Adétòkunbọ̀, ń gbé, òun nìkan, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ẹ̀dọ̀fóró bàbá náà kò lágbára mọ́. Ẹ̀rọ kan tó ń lo iná mànàmáná ló ń fún un ní ọ́síjìn tọ̀sán-tòru. Etí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, nítorí náà kò síbi tó lọ tí kì í fi nọ́ńbà Moráyọ̀ sílẹ̀.

Ọkùnrin tó pè é fara balẹ̀, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ lẹ́nu. Ó ní iléeṣẹ́ tó ni wáyà iná ní Bremen ló rán òun. Ó ní òfin tuntun ń bọ̀ lórí bí àwọn iléeṣẹ́ iná ní Jẹ́mánì ṣe ń fi dátà mítà àwọn oníbàárà ránṣẹ́ síra wọn, àti pé mítà Bàbá kò tíì sí nínú ètò tuntun náà. Bí àwọn kò bá fi í síbẹ̀ lónìí, iná yóò lọ nínú ilé Bàbá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nọ́ọ̀sì ni Moráyọ̀. Ní wọ́ọ̀dù, òun ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ ara wọn fún ẹni tí wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló sọ, "bàbá mi ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn. Iná ò gbọdọ̀ lọ níbẹ̀."

Ọkùnrin náà dá a lóhùn: "Ìdí tí mo fi pè yín gan-an nìyẹn."

Moráyọ̀ jáde kúrò lórí ìlà. Àwòrán bíìlì iná Bàbá wà lórí fóònù rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà mítà fún ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà tún béèrè nọ́ńbà gígùn kan tó wà lókè bíìlì, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń dá ilé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ó kà á. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè àkáǹtì báǹkì Bàbá, Moráyọ̀ sì ní òun kò mọ̀ ọ́n lórí.

Ohùn ọkùnrin náà yí padà. Ó ní kí ó yára wá a, torí pé bí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ bá dákẹ́, kí ó má sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún òun. Ó sì pa fóònù.

Kò dúró rò ó. Ó pe Bàbá, ó ń pariwo kí ó lè gbọ́, ó ní iná fẹ́ lọ, kí ó wá sílíńdà ọ́síjìn tí wọ́n fún un fún irú ọjọ́ báyìí. Bàbá ní ó wà nísàlẹ̀ ilé, nínú yàrá ìkẹ́rù, torí pé ó ń dí òun lọ́nà nínú pálọ̀. Òkè pátápátá ni Bàbá ń gbé, ilé náà kò sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Moráyọ̀ ní kí ó dúró kí àwọn ronú. Ó ti pẹ́ jù. Bàbá ti gbé fóònù sílẹ̀, ó ti yọ okùn ẹ̀rọ kúrò nímú, ó ń lọ.

Ó pè é padà. Kò gbé e. Ó tún pè. Fóònù ń dún lásán nínú ilé tí kò sẹ́nìkan.

Ìgbà náà ló rántí Fọláhàn, ọmọ ìjọ wọn ní Thamesmead, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń ta iná fún àwọn ará Jẹ́mánì. Ó pè é. Fọláhàn wà ní ọgbà ìgbafẹ́ Lesnes Abbey pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohùn Moráyọ̀, ó ní kí àwọn ọmọ jókòó sórí koríko, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Moráyọ̀ sọ fún un bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ, gbólóhùn ń gun ara wọn lẹ́nu rẹ̀.

"Sister Moráyọ̀, ẹ gbọ́ mi," ni Fọláhàn wí. "Iná Daddy ò ní lọ. Òótọ́ ni pé òfin dátà ń yí padà, iṣẹ́ tiwa gan-an ni. Ṣùgbọ́n àárín àwọn iléeṣẹ́ ló mọ. Oníbàárà ò ní nǹkan kan láti ṣe sí i. Ta ló wà nítòsí Daddy báyìí?"

Moráyọ̀ rántí Adrian, aládùúgbò Bàbá, tó fún un ní nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tó lọ kí Bàbá kẹ́yìn. Ó pè é, ó ní kí ó yára wá Bàbá lórí àtẹ̀gùn. Adrian sáré jáde. Moráyọ̀ ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ tó dúró lójijì, tó ń pe orúkọ Bàbá.

Orí àtẹ̀gùn ló ti bá a. Bàbá jókòó, ó di irin mú, ètè rẹ̀ ti dúdú, èémí kò tó o. Kò tilẹ̀ tíì dé ibi sílíńdà. Adrian gbé e padà sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi okùn ẹ̀rọ sí i nímú. Moráyọ̀ dúró ní Powis Street láàárín èrò, ó fi fóònù sétí, ó ń tẹ́tí sí mímí bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ti aláìsàn, títí mímí náà fi rọlẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún.

Ilẹ̀ ṣú ní Bremen. Iná kò lọ.

Fọláhàn pè é lẹ́yìn náà, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní nọ́ńbà gígùn tó kà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ní in lè purọ́ pé Bàbá ti fọwọ́ sí àdéhùn láti kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ta iná fún un. Ní Jẹ́mánì báyìí, kò ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ tí iléeṣẹ́ fi ń pààrọ̀ oníbàárà nínú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí àwọn yára. Ó ní kí Moráyọ̀ kọ̀wé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí iléeṣẹ́ Bàbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Bàbá kò fẹ́ pààrọ̀, kí ó sì lo àdírẹ́sì tó wà lórí bíìlì nìkan.

Nígbà tí iléeṣẹ́ náà ṣílẹ̀kùn ní Mọ́ńdè, Bàbá àti Moráyọ̀ jọ wà lórí fóònù. Obìnrin tó dá wọn lóhùn ní ẹnì kan ti fi orúkọ Bàbá béèrè fún pípààrọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé wọn ti ṣáájú, àwọn sì ti kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n tún kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kejì, tí wọ́n fẹ́ gbé Bàbá lọ sí, pé Bàbá kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. "Moráyọ̀," ló sọ, "iná ò lọ o. Ìpayà ló fẹ́ pa mí."

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tàbí ẹbí ní Jẹ́mánì, ẹ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àwọn iléeṣẹ́ iná ṣe ń pààrọ̀ dátà lè yí padà lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ gé iná fún. Bí iléeṣẹ́ tó ń ta iná fún ènìyàn bá tilẹ̀ kógbá wọlé, òfin ibẹ̀ ti yan iléeṣẹ́ mìíràn tí yóò máa fún un níná títí yóò fi rí òmíràn. Nọ́ńbà mítà àti nọ́ńbà gígùn orí bíìlì, ẹ má kà wọ́n fún ẹni tó pè yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ pe iléeṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí bíìlì. Bí ẹ bá sì ti kà á, ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́ra, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn, kí sílíńdà rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o, kí aládùúgbò kan sì mọ̀.

Bí ẹni tó pè bá sì ń bínú torí pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ lọ béèrè, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Iléeṣẹ́ gidi kò ní bá yín jà torí pé ẹ fẹ́ wádìí.