Ẹ̀yìn Káàdì Bàbá Àgbà

Mabli dúró sẹ́yìn lọ́rì, ó gbé ọwọ́ kan sókè kí Idwal, bàbá àgbà rẹ̀, lè máa rí i nínú dígí. Kí ló fẹ́ fi ọwọ́ náà júwe? Òun gan-an kò mọ̀. Idwal ń fi ẹ̀yìn lọ́rì wọ ẹnu ọ̀nà ọgbà àgùntàn, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí lọ́rì náà ń fà ló sì ṣáájú, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn. Ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún, ògiri òkúta wà lósì, àyè tó sì ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbá wọlé wẹ́rẹ́ láìdúró lẹ́ẹ̀kan.

"Mabli, ṣé mo ti wọlé tán?"

"Ẹ ti wọlé, Bàbá àgbà."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń bi ọ́ kí oorun má baà gbé ọ lọ lórí ìdúró ni."

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn lọ sí etí òkun ni. Bí oṣù kọkànlá bá ti dé báyìí, kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀dọ́ àgùntàn sílẹ̀ lórí òkè ní àdúgbò wọn ní Wales. Yìnyín yóò bo koríko, ebi yóò sì pa wọ́n. Etí òkun ni wọ́n ti ń jẹun títí ìgbà ìrúwé. Láti ìgbà tí Mabli ti gbọ́njú, Idwal ló ń fi lọ́rì àtijọ́ yẹn kó tiwọn, tó sì ń bá Buddug tí oko rẹ̀ wà lódìkejì odò kó tirẹ̀ mọ́ ọn.

Àyà Mabli ń já bó ṣe ń wo bàbá lọ́jọ́ náà. Ohun kan wà tí òun mọ̀ tí bàbá kò mọ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni Idwal pé ẹni àádọ́rin ọdún, ẹni tó bá sì pé iye ọdún yẹn ní ìlú wọn gbọ́dọ̀ tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe. Ti ọkọ̀ kékeré rọrùn. Ti lọ́rì àti kẹ̀kẹ́ tó ń fà lẹ́yìn ló le díẹ̀: dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ojú àti ọkàn ẹni wò, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù oníwèé. Bí ìwé dókítà kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré nìkan ni wọn yóò fún èèyàn. Idwal ti ṣe tirẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì kó ìwé fún Mabli.

"Ọmọ mi, gba fọ́ọ̀mù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, bá mi kọ ọ́ dáadáa. Ìwé dókítà rèé. Má jẹ́ kó sọnù o."

Elan ọ̀rẹ́ Mabli ń dúró dè é lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ jọ lọ wo eré bọ́ọ̀lù. Ta ló fẹ́ lọ to ìlà nílé ìfìwéránṣẹ́? Mabli yọ fóònù, ó ṣí ojú ewé ìjọba, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rìn lọ. Ìkìlọ̀ kan jáde pé ẹni tó bá fẹ́ máa wa lọ́rì lọ, kó má ṣe é níbí o, fọ́ọ̀mù oníwèé ni kó lò. Mabli rí i. Ó kà á dé ìdajì, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé láísẹ́ǹsì ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi parí ẹ̀. Ìwé dókítà wà nísàlẹ̀ báàgì ìwé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì gbó sí.

Nígbà tí káàdì dé, Idwal wo fọ́tò ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bí mo ṣe jọ àgbò tó bọ́ sódò." Ó ki káàdì bọ àpamọ́wọ́, kò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mabli ló yọ ọ́ wò lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n ya àwòrán oríṣi ọkọ̀ tí èèyàn lè wà sí. Ọkọ̀ kékeré wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí lọ́rì wà ṣófo.

Ó sá lọ bá Elan. "Ta ló ń yẹ ẹ̀yìn káàdì arúgbó wò?" ni Elan wí. "Ọlọ́pàá wo ló dá bàbá yín dúró rí? Panu mọ́."

Ó sì panu mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Wọ́n kó àgùntàn tán, wọ́n gbéra. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun tóóró gan-an, ògiri òkúta sì há a mọ́ láàrin. Wọ́n ti rin nǹkan bíi máìlì méje nígbà tí ọkọ̀ ńlá tí ń kó wàrà yọ sí wọn níwájú. Kò sí àyè fún méjì. Awakọ̀ wàrà na ọwọ́ méjèèjì síta, bí ẹni ń sọ pé òun kò lè padà.

"Àwa la máa padà nìyẹn," ni Idwal wí.

Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì lọ tó fi ẹ̀yìn rìn, kọ̀rọ̀ méjì sì wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù máa ń yí sí ọ̀tún bí a bá yí lọ́rì sí òsì, ìyẹn ló sì ń da àwọn awakọ̀ tó gbójú láàmú. Mabli ń wo àwọn ọwọ́ àgbà yẹn, tí iṣan yọ lẹ́yìn wọn, bí wọ́n ṣe ń rọra yí ìtọ́kọ̀ díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ̀rù ohun tó ń rí bà á, ìwúrí sì gba gbogbo ara rẹ̀. Bàbá àgbà òun nìyí. Ó ń jẹun òwúrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì mọ̀ pé ẹni báyìí ló ń bu tíì fún òun. Nígbà tí wọ́n yà sí àyè gbalasa kan, awakọ̀ wàrà ṣí fìlà rẹ̀ bó ṣe ń kọjá.

"Ta ló kọ́ yín, Bàbá?"

"Bàbá mi ni. Ẹṣin ló fi kọ́ mi." Idwal tún tẹ iná sí ọkọ̀, ó yíjú sí Mabli. "Ọdún kẹtàléláàádọ́ta rèé tí mo ti ń wakọ̀. Mi ò tíì fi táyà síbi tí kò yẹ kó dé rí. Inú mi dùn sí ìyẹn, mi ò ní purọ́ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fọ́ ọkàn Mabli. Omijé bọ́ kó tó mọ̀.

"Ẹ dúró, Bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Kò yẹ kí ẹ máa wà á."

Ó sọ gbogbo ẹ̀: ti fóònù, ti ìkìlọ̀, ti ìwé dókítà, ti ẹ̀yìn káàdì. Idwal yà síwájú ilé ìjọsìn kékeré kan, ó pa ọkọ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó yọ káàdì, ó yí i. Ó wò ó pẹ́. Àgùntàn ń ké lẹ́yìn.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, sà."

Kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dun Mabli jù.

"Ó ku máìlì mẹ́rin péré," ni Mabli wí. "A ti ń rí òkun láti òkè níhìn-ín. Ẹ wà á débẹ̀, lọ́la màá lọ gba fọ́ọ̀mù."

"Mo wa máìlì méje láìmọ̀," ni Idwal wí. "Ní báyìí, mo ti mọ̀." Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. "Bá mi mú un dání."

Kọ́kọ́rọ́ náà kéré, ó ṣì gbóná. Mabli ti rí i bí bàbá ṣe fi ọwọ́ tẹ ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ lórí ba. Ó wá rí i tó fi ọwọ́ kan náà gbé e sílẹ̀ láìjiyàn, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wò ó bí kò ṣe àgùntàn àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò mọ èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì.

Buddug ni Idwal pè. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń fi ìwakọ̀ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Idwal ní Buddug ń wakọ̀ bí ẹni tí oyin ń lé. Buddug ní Idwal ń wa tirẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí itan. Láísẹ́ǹsì lọ́rì Buddug ṣì péye. Kí ó tó wákàtí kan, ó dé pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ pupa. Ó wo ojú Idwal, ó wo ojú Mabli, ó gbé yẹ̀yẹ́ tó ti dé ètè rẹ̀ mì.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́," ló wí. "Idwal, wa tèmi tẹ̀ lé wa. Jíà rẹ̀ le o, má fà á ya."

Wọ́n dé oko etí òkun. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ẹ̀yìn sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wọlé. Buddug gbìyànjú, kẹ̀kẹ́ ẹrù yà kọjá. Ó tún gbìyànjú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ògiri. Ó ṣí fèrèsé.

"Idwal, má kàn dúró síbẹ̀ bí ère. Wá júwe fún mi."

Idwal lọ dúró sẹ́yìn lọ́rì, ó gbé ọwọ́ kan sókè kó lè hàn nínú dígí. Ọwọ́ náà yí díẹ̀, Buddug yí díẹ̀. Ọwọ́ náà dúró, Buddug dúró. Lọ́rì àti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọlé wẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ kan lọ́tùn-ún, àtẹ́lẹwọ́ kan lósì. Àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn tú jáde sínú koríko tútù, oòrùn sì ń ràn lórí òkun lẹ́yìn wọn.

Gbogbo ìgbà òtútù ni lọ́rì náà fi wà lábẹ́ àtíbàbà. Buddug ló ń bá wọn fa koríko gbígbẹ wá. Mabli to ìlà, ó fi kálámù kọ fọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ lé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀kejì, torí ìwé àkọ́kọ́ ti kọjá àsìkò. Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Elan lọ wo bọ́ọ̀lù láìsí Mabli.

Oṣù kejì ọdún ni káàdì tuntun dé. Idwal kò tilẹ̀ wo fọ́tò. Ó nà án sí Mabli lórí tábìlì oúnjẹ.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà fún mi."

Mabli kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò fò kankan: ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ oko, lọ́rì, lọ́rì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó ń fà. Ó ti wá yé e pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí òun fi rẹ́ iṣẹ́ jẹ ti gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti pé àṣìṣe tí a bá fi pamọ́ kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é nìkan; ẹni tó fọkàn tán wa ló máa ń gbé e kiri láìmọ̀. Ká tètè jẹ́wọ́ ló dáa, kí ọkọ̀ tó gbéra.

"Ó pé, Bàbá àgbà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mabli tún káàdì náà yí padà, ó sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.