Ayàwòrán Tó Ń Sá fún Bàbá Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Buyema, ìjà ni mo fi kí i. Ó tẹ́ aṣọ àgọ́ wa àtijọ́ sórí iyanrìn, ó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó fẹ́ fi ọ̀dà kùn ún.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló ní kó o fọwọ́ kan aṣọ yẹn? Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí o!"

"Bàbá tó ni ín ló fún mi." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí kí n dá a padà, kó o tún lọ sùn sábẹ́ ẹ̀?"

Lóòótọ́, Bàbá mi, Emboirik, ló fún un. Aṣọ yẹn ni wọ́n fi pàgọ́ nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílẹ̀ wa wọ inú aṣálẹ̀ yìí. Wọ́n rò pé fúngbà díẹ̀ ni. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí. Oúnjẹ ìrànwọ́ ń dínkù, omi inú ọkọ̀ là ń dúró dè, ayé sì ti gbàgbé wa. Buyema fẹ́ ya Bàbá sára aṣọ náà, kí wọ́n gbé e lọ kọ́ sí gbàgede kan ní Madrid, kí àwọn tó ń kọjá lè béèrè pé ta nìyí.

"Kí wọ́n ṣáà rí ojú mi kí n tó kú," ni Bàbá wí.

Ojoojúmọ́ ni Buyema ń wá. Bàbá á jókòó, èmi á máa se tíì. Láti ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ojú lòun máa fi parí ẹ̀.

"Lehdia, ṣúgà inú tíì ẹ ti pọ̀ jù."

"Gbé e sílẹ̀ nígbà yẹn."

"Ó ti mọ́ mi lára, mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́."

Mo yára fi ìborí bo ẹ̀rín mi. Mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n òun ò sọ nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́.

Nígbà tó ku ojú nìkan, a gbọ́ ikọ́ Bàbá níta. Àfi bí Buyema ṣe ju búrọ́ọ̀ṣì nù, ó fi láwàní bojú, ó gba ẹ̀yìn àgọ́ sá lọ bí olè ewúrẹ́!

"Ṣé àkeekèé ta ọmọ yẹn ni?" Bàbá béèrè.

Àǹtí Galia, àbúrò Bàbá, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i pé àna yín ló sá lọ yẹn?"

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ kì í wojú bàbá ọmọ náà. Ìtìjú àna ni. Ṣùgbọ́n Kuba ni Buyema ti kàwé dàgbà, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ta ló sọ pé ó ṣì rántí àṣà? Bóyá inú ló ń run ún. Bóyá iṣẹ́ ló sú u.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àwòrán náà. "Ojú ló kù," ó ní.

Orí mi dàrú pátápátá. Bí Buyema bá padà wá ya ojú Bàbá, a jẹ́ pé kò fẹ́ mi. Bí kò bá wá, Bàbá á dé Madrid láìlójú. Ọ̀la sì ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé aṣọ náà. Mi ò mọ èwo ni kí n gbàdúrà fún.

Mo wá Buyema lọ, mo bá a lẹ́yìn táǹkì omi.

"Kí lo sá fún?"

"Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ sá, Lehdia. Ìgbà tí mo dúró ni mo tó mọ ìdí ẹ̀. Ìwọ ni."

Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. "Kí o yà á látinú orí ẹ ńkọ́?"

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ojú tìẹ ló ń jáde."

Mo sunkún. "Buyema mi, ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń retí kí ayé rí òun. Mi ò lè fi ìyẹn gba ọkọ. Wá wò ó lójú. Tó bá máa ba ti àárín wa jẹ́, kó bà á jẹ́."



Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé. Ó ti tú láwàní ẹ̀, orí ẹ̀ wà lásán. Mo mọ̀ pé ó ti tán láàárín wa nìyẹn.

Bàbá wọlé, ó lọ jókòó sórí ẹní ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, níbi tí ilẹ̀ wa wà. Ó kẹ̀yìn sí wa.

"Bàbá, ojú yín ńkọ́?" mo kígbe.

"Kó yí aṣọ náà padà, ẹ̀yìn mi ni kó yà síbẹ̀. Ṣebí ẹ̀yìn layé kọ sí wa látọjọ́ yìí? Káwọn náà wo tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú mi, kó wá bá mi níbí."

Omijé ń bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Buyema mú láwàní, ó rọra fi bo ojú ẹ̀.

"Yára o, àna mi," Bàbá ní, kò bojú wẹ̀yìn. "Ọrùn ti ń dùn mí."