Kóòtù Ọba Ẹyẹ

Inú afẹ́fẹ́ ni ọkùnrin náà wà nígbà tí ọmọ Télọ̀ kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánrawò ni, àpò aṣọ ní èjìká, páálí pínnì lọ́wọ́. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ọkùnrin gíga kan ló rí tó na apá méjèèjì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, tí kò sì jọ ẹni tó ń kánjú àtibalẹ̀. Ẹnu yà á. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, páálí já bọ́, pínnì sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira o!" ló pariwo. "Pínnì wà nílẹ̀!"

Háà, ẹ bá wo àwọn oníjó báléè! Orí ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń jó tẹ́lẹ̀, kálukú bá dúró gbagidi bó ṣe wà, àwọn mìíràn lórí ẹsẹ̀ kan. Ọkùnrin tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan ti balẹ̀ ní tiẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń bá a ṣa pínnì.

"Ṣé ẹ wá ránṣọ fún wa ni, àbí ẹ wá gún wa pa?"

"Ẹni tí kò bá dákẹ́ ni màá kọ́kọ́ gún," ni ọmọ Télọ̀ fèsì, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ Télọ̀ kì í ṣe aránṣọ lásán o. Ohun tó bá rò lọ́kàn ló máa ń yà sórí ìwé, lẹ́yìn náà kó gé e, kó rán an, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ di ẹlòmíràn lójú ayé. Òun ni wọ́n gbé aṣọ eré tuntun wọn fún, eré ọba ẹyẹ kan tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láé. Oníjó tó bá a ṣa pínnì yìí gan-an ni yóò ṣe ọba.

Nígbà tí ọmọ Télọ̀ fẹ́ wọn àyà rẹ̀, ó ní kó sọ apá sílẹ̀.

"Ṣé òkú lẹ máa ń ránṣọ fún ni?" Oníjó bi í, ó sì gbé apá sókè. "Báyìí ni mo ṣe máa ń lo aṣọ. Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó rí i pé ara tó gbé apá sókè yàtọ̀ pátápátá sí ara tó sọ apá sílẹ̀. Ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ó ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ìfẹ́ wọn ti di ohun tí gbogbo oníjó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí bàbá rẹ̀, Télọ̀ fúnra rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń jó, bàbá."

"Mo gbọ́ pé ó ń jó. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ijó náà niṣẹ́ ẹ̀."

"Háà! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, ẹni tó ń fò kiri bíi tata ló fẹ́ fẹ́? N ò gbà."

Láti ìgbà tí ìyá ọmọ yìí ti kú, Télọ̀ ni bàbá, òun náà ni ìyá. Ọmọ náà kò lè fẹ́ ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kò gbà. Kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn.

"Bí mo bá fi ijó sílẹ̀ nítorí kí wọ́n lè fi ọ́ fún mi," Oníjó sọ, "ẹni tó bá ṣẹ́ kù, ìwọ náà ò ní mọ̀ ọ́n, olólùfẹ́ mi."

"Ta ló ní kó o fi í sílẹ̀?"

Ọmọ Télọ̀ sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kóòtù ọba ṣì wà nílẹ̀. Aṣọ àrán pupa ni, àrán kì í sì í gba àṣìṣe: ibi tí abẹ́rẹ́ bá lu, ojú ihò kò ní parẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tó mọ àrán gé bíi bàbá rẹ̀. Ó gbé ìgbéraga mì, ó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Kóòtù ni mo gbà," Télọ̀ sọ. "N ò gba ẹni tó máa wọ̀ ọ́."

"Ẹ bá mi fi ègé aṣọ sí abíyá rẹ̀, kí apá lè ráyè lọ sókè."

"Kóòtù mi wo lo gbọ́ pé ó ya rí? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Ó rán an láìfi nǹkan kan sí i, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn, kó lè gbọ́ ìyìn. Oníjó wọ̀ ọ́, ó bá a mu wẹ́kú. Ó fò, ó gbé apá sókè. Fàà! Abíyá méjèèjì ya.

Gbogbo ojú yí sí Télọ̀.

"Ẹ má bínú, sà," Oníjó sọ. "Èmi ni mo fò jù."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ kó o gbèjà mi?" Télọ̀ gbaná jẹ. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ya. Tún fò kí n rí i!"

Ó tún fò. Télọ̀ fa àga kan, ó jókòó. Ní ọjọ́ kejì, ó tún wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ní kóòtù lòun ń wò.

Nígbà tó yá, bí òun àti ọmọ rẹ̀ ṣe ń lọ sílé, ó dúró lójú ọ̀nà.

"Ọmọkùnrin yẹn fò lónìí, gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló ní kò dáa. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí ó fi làágùn bí ẹni tí òjò pa. Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ojú rírán ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá tú u, màá tún un rán." Ó mí kanlẹ̀. "Wá fi bí wọ́n ṣe ń gé ègé abíyá yẹn hàn mí."

Omi bọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Ẹni bí ni là á jọ: ó mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe le tó lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọmọ Télọ̀ dúró ti ògiri lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀. Ọba ẹyẹ bọ́ sójú agbo nínú àrán pupa. Ó fò, ó na apá, abíyá kóòtù ṣí gbayawu bí ìyẹ́, ó sì tún padé bó ṣe balẹ̀. Fọ́nrán òwú kan kò já. Àwọn èèyàn dìde dúró, wọ́n ń hó yèè.

Ọkùnrin tó jókòó ti Télọ̀ fọwọ́ gún un lápá. "Bàbá, ẹ wo kóòtù! Ta ló rán irú èyí?"

Ọmọ Télọ̀ ti mọ̀ pé bàbá òun yóò fọ́nnu wàyí. Ó tọ́ sí i, jàre.

"Ẹ fi kóòtù sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń jó. "Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Àna mi nìyẹn."

Nígbà tí eré parí, ọmọ Télọ̀ sáré lọ bá Oníjó lẹ́yìn ìtàgé, ó sọ ohun tó gbọ́ fún un. Oníjó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò tíì bọ́ kóòtù.

"Àna? Èmi tí n kò tíì bi ọ́ bóyá wàá fẹ́ mi?"

"Bàbá mi ti sọ tiwọn. Bi mí, kí n lè sọ tèmi."

Ó bi í níbẹ̀, lójú gbogbo oníjó, lójú Télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Télọ̀ gbórí sókè, ó ní òun gbà, ó sì sọ ọ́ ketekete kí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.