Ẹni Tí Yóò Di Okùn Mú

Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ni, ní ọdún 1996. Àwọn ará Ìpérindó ti lọ sóko, Silas nìkan ló jókòó sẹ́nu kòtò wúrà àtijọ́ tí omi ti kún. Lẹ́tà kan wà lápò rẹ̀ tó ti kà títí tí ìwé náà fi ya níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po.

Tinúolúwa, tíṣà tí ọkàn rẹ̀ yàn, ló kọ ọ́. Láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti gbé e lọ sí iléèwé kan ní Òṣogbo, lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ló dé. Kó tó lọ ló ti fi àwòrán ihò abẹ́ òkun han Silas nínú ìwé: òkùnkùn biribiri, ẹja funfun tí kò lójú, edé tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Nínú lẹ́tà, ó bèèrè bóyá irú ẹja bẹ́ẹ̀ wà nínú kòtò tiwọn.

Ó wà. Ọ̀kan ti bá korobá Silas jáde, ṣùgbọ́n ó kú kó tó délé. Silas wá búra pé òun yóò gbé ààyè rẹ̀ lọ bá a ní Dàda Estate tó ń gbé ní Òṣogbo.

Àwọn awakùsà ibẹ̀ kì í wọ kòtò láìjẹ́ méjì. Ọ̀kan á wọlé, èkejì á di okùn rẹ̀ mú lókè. Bí ti ìsàlẹ̀ bá fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n fà á jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n Àjàgbé, ẹnìkejì Silas, ti lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Ọ̀tan-Ilé. Silas so okùn mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Ó ní ọ̀pẹ kì í sáà lọ síbi òkú.

Ìyá Ìbíjọkẹ́, opó tó ń fọ iyanrìn wúrà lódò, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Tinúolúwa àti ẹja náà lẹ́nu Silas, bi í pé ta ni yóò di okùn mú. Silas parọ́ pé Àjàgbé ń bọ̀.

Ó mí kanlẹ̀, ó mòòkùn. Tọ́ọ̀ṣì tó fi ọ̀rá wé tàn sára ògiri ihò. Àwọn ẹja kéékèèké funfun dúró jẹ́ẹ́ nínú omi, bí ẹni tí kò retí àlejò mọ́. Ó mú ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ògiri, ẹrẹ̀ sì ru sókè bí ògì. Ìmọ́lẹ̀ pòórá.

Ó fa okùn kó lè mọ ọ̀nà. Okùn ń tẹ̀ lé e wá ni, nítorí ó ti tú u sílẹ̀ jù. Kò mọ òkè mọ́, kò mọ ìsàlẹ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀pẹ dúró.

Èémí rẹ̀ ti ń tán nígbà tí okùn le gan-an lójijì. Ó ṣí ọwọ́ tí ẹja wà nínú rẹ̀ kó lè fi méjèèjì di okùn mú.

Lókè, àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ìbíjọkẹ́ ti bó.

"Mi ò rí Àjàgbé ni mo ṣe wá," ni ìyá náà wí. "Ọjọ́ témi àti ọkọ mi jà, tí kò fẹ́ bẹ̀ mí pé kí n di okùn mú, lòun náà so tirẹ̀ mọ́ igi. Kò jáde mọ́."

Silas ń húkọ́, omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọbìnrin yìí, ẹja ló ní òun fẹ́ ni, àbí ìwọ?"

"Mi ò tíì bi í, Màmá."

"Lọ bi í. O ṣì láàyè."

Ìgbà náà ni Silas rántí ohun tí Tinúolúwa kà sí i létí lọ́jọ́ tó fi ìwé náà hàn án: àwọn tó kọ́ṣẹ́ wíwọ ihò abẹ́ òkun, tí wọ́n gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn pàápàá, kì í dá wọ̀ ọ́, wọn kì í sì í fi okùn ọ̀nà wọn sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́.

Nígbà tí Àjàgbé dé, wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí kòtò náà ká.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má wọ kòtò tí omi ti kún, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Ihò ní òrùlé. Ẹni tí èémí tán fún níbẹ̀ kò rí ojú omi yọ sí. Ẹ ṣọgbà yí kòtò àtijọ́ ká, ẹ sọ fún baálẹ̀, ẹ kìlọ̀ fọ́mọ. Bí ìdánìkanwà bá sì ń tì yín lọ síbi ewu, ẹ kọ́kọ́ wá èèyàn lọ. Igi kì í gbọ́ nígbà tí a bá fa okùn.