Ọ̀nà Tó Wọ Inú 999,919

"Ṣé nọ́ńbà yẹn lo máa jẹ lálẹ́ òní ni?" ìyá àgbà rẹ̀ bi Ligaya. "Ẹja ti tutù sórí ìrẹsì."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti pín in dé mẹ́tàlélógójì."

Inú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ni bàbá Ligaya ti ń ṣiṣẹ́. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, á fi nọ́ńbà ńlá kan ránṣẹ́ sí i. Bírò àti ìwé nìkan ni Ligaya gbọ́dọ̀ fi wá nọ́ńbà méjì tí wọ́n sọ di púpọ̀ láti rí i. Tí ọkọ̀ bá dé èbúté mìíràn, bàbá á pè, á ní, "Ó yá, mú mi gba ọ̀nà tó o gbà." Wọ́n á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ìgbà yẹn nìkan ni ohùn bàbá ń dé ilé wọn ní ìlú Iloilo.

Ṣùgbọ́n 999,919 yìí le. Eéjì kò pín in. Tí a bá ro àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, nítorí náà ẹẹ́ta ò lè pín in. Tí a bá fi eéje pín in, ó ṣẹ́ ku mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá.

"Ọ̀gá ìṣirò!" Jomar, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé títí irun ẹ á fi funfun ni? Mú un wá."

Jomar tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù rẹ̀. Kíá, ìdáhùn jáde: 991 àti 1,009. Ligaya mọ̀ pé kò yẹ kóun wò ó. Ó wò ó.

Lọ́jọ́ Sunday, bàbá pè láti èbúté Durban.

"Bàbá mi, mo ti rí i! 991 àti 1,009!"

"Ọmọ mi àtàtà! Ó yá, mú mi gba ọ̀nà ẹ̀."

"Mo kàn... mò ń pín in lọ ni."

"Títí dé 991?"

"Jomar ló fi fóònù ṣe é. Ẹ má bínú, Bàbá."

Bàbá kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dun Ligaya jù.

"Lójoojúmọ́ lórí omi," bàbá sọ jẹ́jẹ́, "mo máa ń rò ó pé, ibo lọmọ mi dé báyìí? Ṣé ó ti rí ibi tí ọ̀nà ti yà? Òun ni mo fi ń sùn." Ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. "Wọ́n ń pè mí. Ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí."

"Ibo ni ọ̀nà ti yà, Bàbá?"

"Wá a."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ligaya jókòó ti ìwé rẹ̀. Kò pín nǹkan kan mọ́. Ó kàn tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà. Kí ló kù kó pé mílíọ̀nù kan? Mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án! Mílíọ̀nù fúnra rẹ̀ sì ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Tí a bá sì yọ nọ́ńbà kan lọ́nà ara rẹ̀ kúrò nínú òmíràn lọ́nà ara rẹ̀, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lọ́nà àròpọ̀ wọn ló máa ń kù. Nítorí náà, ọ̀kan fi mẹ́sàn-án dín sí ẹgbẹ̀rún, èkejì fi mẹ́sàn-án lé e: 991 àti 1,009.

"Màmá! Mo ti rí ọ̀nà ẹ̀!"

"Hẹn-ẹn? Mo rò pé ilé ló ń jó!"

Ó pe bàbá. Ohùn obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló dá a lóhùn, pé nọ́ńbà fóònù bàbá kò lọ. Ọkọ̀ ti ṣí. Ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó tún gúnlẹ̀.

Ìdáhùn ni fóònù fún Ligaya, ṣùgbọ́n ó gba wákàtí kan pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí wọ́n gbé dé ibi tó ń lọ kì í ní ìròyìn ọ̀nà láti sọ, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ọ̀nà ni ẹni tó fẹ́ràn wa ń dúró láti gbọ́.