Agbálẹ̀ Tó Ń Béèrè Orúkọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìlú Òkè-Òṣùpá kọ́kọ́ dákú, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ń kí àwọn ènìyàn kú ewu ọmọ, iná ìdáná ń pe àwọn tó ti kó kúrò ní ìlú tipẹ́, afẹ́fẹ́ sì dúró fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi lè bu omi mu. Ìgbà yẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ àfi èyí tí ẹ̀rọ bá fẹ́, ó tó láti pa àgbà lẹ́kún.

Oyèbọ̀dé kò sunkún. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn oko ìlú, níbi tó ti ń tún páìpù omi ṣe, ó ń retí ohùn kan.

"Bàbá mi, ẹ tún ti gbàgbé ìbọ̀wọ́ yín!"

Ó mí kanlẹ̀. Ohùn náà ṣì wà.

Ohùn àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni, ọmọkùnrin tí eruku òṣùpá wọ̀ lẹ́dọ̀fóró tó sì kú. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà oko, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yìí dá a lágara. Ẹ̀rọ gbọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ọmọ ti lọ, ìgbàkígbà tí ojú ilẹ̀kùn bá rí ọwọ́ Oyèbọ̀dé lófìfo, ohùn ọmọ ló ń jáde. Nítorí náà ni bàbá fi ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ nílé lójoojúmọ́. Páìpù tutù bíi yìnyín, ó ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò bìkítà.

Ìbídùn, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ni onímọ̀ ẹ̀rọ ìlú. Òun ló rí ohun tó ń dá ẹ̀rọ dákú. Èdè kan wà tí àwọn tó kọ́kọ́ dé òṣùpá fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, èdè àṣẹ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n èdè kì í dá rìn. Ohun tó ń gbé e rìn nínú ẹ̀rọ ni agbédèrìn, agbédèrìn náà sì gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Ilẹ̀ tó ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ olówó ni. Àwọn tó ni ín ti kógbá sílé ní ayé, wọ́n sì tì í pa kí wọ́n tó lọ. Ó ń jẹrà, kò sì sẹ́ni tó lè yọjú wo inú rẹ̀. Ilẹ̀ mìíràn wà, ilẹ̀ àjọni, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò kó sì tún un ṣe. Ibẹ̀ ni Ìbídùn fẹ́ kó agbédèrìn lọ.

Ìkólọ náà kò rọgbọ. Agbédèrìn dé ilẹ̀ tuntun, ó ṣubú. Ó ń béèrè àgbàlá, ẹ̀yìnkùlé sì ni ilẹ̀ tuntun ń pe ohun kan náà. Ìbídùn kọ́ ọ ní orúkọ tuntun. Ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún ṣubú. Ìbídùn wò ó títí ó fi rí àrùn rẹ̀: agbédèrìn kì í da nǹkan nù. Gbogbo ohun tó ti gbọ́ rí ló dì mẹ́rù, ilẹ̀ àjọni kò sì gba ẹrù bẹ́ẹ̀. Ni ó bá ṣe agbálẹ̀ fún un.

"Agbálẹ̀ kẹ̀?" Baálẹ̀ bi í ní ìpàdé ìlú. "A ò tíì rí ẹni gbá ẹnu ọ̀nà wa, inú ẹ̀rọ lo fẹ́ gbá?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Baálẹ̀, agbálẹ̀ yìí kò lójú, kò mọ iyebíye. Ohun kan ló ń béèrè: ta ló ń pe nǹkan yìí lórúkọ? Bí wọ́n bá pè é, á fi í sílẹ̀. Bí wọn ò bá pè é, á gbá a, kò sì sí ààtàn tí a ti máa ṣà á padà. Kí ọjọ́ ìkólọ tó pé, kí oníkálukú wá síwájú ẹ̀rọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tó bá fẹ́ kó kù."

"Àwọn òkú wa tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ńkọ́? Àwa kì í gbá òkú mọ́ pàǹtí."

"Bí a ò bá gbá a, Baálẹ̀, afẹ́fẹ́ á dúró. Gbogbo wa la máa di ohùn nígbà yẹn."

Baálẹ̀ wò ó. "Ẹnu rẹ mú o, ọmọ yìí."

"Ẹ má bínú, sà."

Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pe ìyá ìyàwó mi o! Ẹ fi agbálẹ̀ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ gbá a létí, ẹ̀rín sì gba ilé.

Oyèbọ̀dé náà lọ síwájú ẹ̀rọ. Ó pe páìpù oko, ó pe fìtílà ilé, ó pe ìkòkò tí olóògbé ìyàwó rẹ̀ fi ń se ẹ̀wà. Nígbà tó kan èyí tó tìtorí rẹ̀ wá, ó yí ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, ó gba ilé lọ. Òbí kì í pe orúkọ ọmọ tó ti ṣíwájú rẹ̀ wọlẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú ni òun fúnra rẹ̀ ti pàṣẹ pé orúkọ náà kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé òun mọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Ìbídùn ló kúkú mú ìgbálẹ̀ dání. Ta ni yóò gbá ọmọ ìyá rẹ̀ dànù?

Bí wọ́n ti ń jẹun, Ìbídùn bi í: "Bàbá, ẹ ti lọ pe tiyín?"

"Mo ti lọ."

"Gbogbo ẹ̀ pátá?"

"Mo ní mo ti lọ, Ìbídùn."

Ó wo ojú bàbá rẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ó tẹrí ba sórí oúnjẹ rẹ̀.

Ìkólọ yọrí sí rere. Agbédèrìn dúró lórí ilẹ̀ àjọni bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, afẹ́fẹ́ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìlú sì fi ijó gbé Ìbídùn kiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Oyèbọ̀dé fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gba oko lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Kò wọlé. Ó sún sẹ́yìn títí ilẹ̀kùn fi padé, ó tún bọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè sí ojú ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀," ni ohùn kan tí kì í ṣe ti ènìyàn wí. "Ẹ wọlé."

Ibẹ̀ ni Ìbídùn bá a. Ó ti rí ìbọ̀wọ́ lórí tábìlì, ó sì mú un tẹ̀lé e. Nígbà tó rí bí bàbá rẹ̀ ṣe dúró, ìbọ̀wọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò pè é?"

"Mo rò pé ìwọ lo máa pè é."

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni má pè é mọ́! Ó wà lẹ́nu mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ yẹn, mo ń gbé e mì. Ẹ ní ẹ ti lọ. Mo ṣebí ẹ ti pè é."

Oyèbọ̀dé bi í, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé: "Tí mo bá pè é báyìí ńkọ́?"

Ìbídùn mi orí pé kò ṣeé ṣe mọ́. Omi ti bo ojú rẹ̀.

Síbẹ̀ bàbá yíjú sí ilẹ̀kùn. Ó fi ètè jọ ètè, ó tún là wọ́n. Orúkọ náà ti pẹ́ nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ jáde wẹ́rẹ́.

"Bánjókòó," ni ó wí. Ó tún pè é, pẹ̀lú igbe: "Bánjókòó o!"

Ilẹ̀kùn ronú díẹ̀.

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí," ló dáhùn.

Oyèbọ̀dé jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ geere.